Ọkọ̀ ojú irin Blue Line, Mile 2 sí Marina: ọkọ̀ ò ní wàhálà, ohun tó yí i ká ni kẹ́ ẹ bá mi wò

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wọ Blue Line lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì ronú pé n óò kọ nǹkan kan nípa ẹ̀, torí ta ni ò mọ̀ ọ́n l'Ékòó mọ́, ibùdó márùn-ún, éésì ń fẹ́, ó parí. Àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá tí ọmọkùnrin kan tó ń bá èèyàn fowó sí káàdì Cowry tá a fi ń san owó ọkọ̀ nísàlẹ̀ lójú títì fẹ́ sọ mí di wèrè láàárọ̀ kùtù.

Kì í ṣe òṣìṣẹ́ rélùwéè o, ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí n má pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń ṣe òwò tiẹ̀ ni, tábìlì kan, agbòjò kan tó ti ya, fóònù méjì àti POS. Orí fóònù ni mo ti máa ń fowó sí káàdì mi, àmọ́ áàpù báńkì mi ń ṣe radarada láàárọ̀ yẹn, mo bá yà sọ́dọ̀ ẹ̀, mo kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà fún un. Ó gba káàdì, ó yí i padà, ó fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sínú fóònù, gbogbo ìgbà yẹn ló sì ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. "Ó ti wọlé, Àǹtí." Ríṣíìtì jáde, mo rún un sínú báàgì. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí mi ò sọ ríṣíìtì yẹn nù.

Mo dé géètì, mo fi káàdì kàn án, ó dún, iná pupa. Mo nù ún lára aṣọ, mo tún fi kàn án, pupa. Ẹ sì mọ ará Èkó tó bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́, bàbá kan lẹ́yìn mi ní "Ìyáàfin, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ jẹ́ ká kọjá jàre", ọmọbìnrin kan pòṣé, mo sì ń gbọ́ tí ọkọ̀ ń wọlé. Kéèṣì ò wúlò níbẹ̀, káàdì nìkan ni wọ́n ń gbà, torí náà kò sí pé mo fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni kó gbowó lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ yẹn lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ padà.

"Àǹtí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ ṣe sùúrù, tó bá fi máa di alẹ́ ó ti wọlé."

"Alẹ́ kẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ọdẹ ni mò ń ṣe ni?"

"Ó ti kúrò lọ́wọ́ mi, Àǹtí, ẹ wò ó, successful ló kọ síbẹ̀." Ló bá kọjú sí oníbàárà mìíràn, ó tún ń gba káàdì ìyẹn!

Mo pariwo. Mi ò ní purọ́, mo pariwo gan-an, àwọn èèyàn ti ń dúró wòran, ìyá tó ń ta àkàrà ní kí n má jẹ́ kí ìfúnpá mi ga nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo fi í sílẹ̀, mo gòkè padà pẹ̀lú ibínú, kì í ṣe pé mo gbà pé wọ́n máa ràn mí lọ́wọ́ o, ẹni tí n óò rí bínú sí ni mò ń wá.

Òṣìṣẹ́bìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ lójú tèmi. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá ní "Ríṣíìtì ńkọ́, mà?" Ó gbà á, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó lè nà, ó gbé káàdì mi tì í, ó wá ń fi èékánná tẹ̀lé nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sábẹ́ ètè. Ó dé ìparí, ó dúró. "Mà, ẹ wò ó. Ti yín, ení ló gbẹ̀yìn. Èyí tó tẹ̀, méje ni."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ o! Owó mi ti wọ káàdì ẹlòmíràn. Níbì kan l'Ékòó ẹnìkan á ti fi káàdì kan géètì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, á rí owó tí kò fi síbẹ̀, á sì rò pé àdúrà òun ló gbà.

Mo rò pé á ní kí n lọ bá ọmọ yẹn fúnra mi ni, torí ọ̀rọ̀ ò kàn án. Ó yíjú sí ẹnìkejì ẹ̀, ó ní "Bá mi wo ibí, mò ń bọ̀", ó sì tẹ̀lé mi sọ̀ kalẹ̀. Kò pariwo rárá, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. "Bọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Nọ́ńbà wo lẹ tẹ̀ fún màmá yìí?" Ọmọ yẹn tún bẹ̀rẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀. "Mi ò bi yín ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nọ́ńbà ni mo bi yín." Ó na ríṣíìtì sí i, ó na káàdì sí i. Ojú ẹ̀ yí padà, ló bá di "Sista, ẹ bá mi bẹ Àǹtí". Ó mú ẹgbẹ̀rún méjì wá, ó ní kí n wá gba ìyókù lọ́la. Ọmọbìnrin náà ní ṣé ọ̀la ni màmá fún un lówó ni? Ẹ ò ní gbà á gbọ́, àpò mìíràn wà lábẹ́ aṣọ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti yọ ọgọ́rùn-ún náírà mẹ́wàá, méjì nínú ẹ̀ ti ya, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mo kà á pé lójú ẹ̀. A padà sókè, wọ́n fi owó náà sí káàdì mi níbi tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ lọ, ó ní kí n fi ojú ara mi wo iye tó wà níbẹ̀ kí n tó kúrò. Mo fẹ́ fún un ní nǹkan, ó ní "Rárá mà, ẹ máa lọ, òmíràn ti ń wọlé."

Bí mo ṣe jókòó tán ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. A kọjá Suru-Alaba, a kọjá Orile, mo ń wo ìsàlẹ̀, danfo àti tírélà há mọ́ra wọn lọ́nà Costain, kò sẹ́ni tó ń mira. Lẹ́yìn Iganmu ọkọ̀ bọ́ sórí omi. Ibẹ̀ yẹn ò tíì sú mi títí dòní, ẹ máa rí àgbàlagbà tó wọ kóòtù tó yọ fóònù jáde tó ń ya fídíò. Láti Mile 2 dé Marina kò tó ààbọ̀ wákàtí, ìrìn tó jẹ́ pé tí mo bá gbé mọ́tò, kí n gbàdúrà pé kí wákàtí méjì tó o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ̀rọ̀ èéfín àti ojú ọjọ́, ẹ máa bínú sí mi, àmọ́ kì í ṣe nítorí èéfín ni mo fi gbé mọ́tò mi kalẹ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà kan ò tó ₦200. Kí 2024 tó parí ó ti kọjá ₦1,000. Oṣù kẹsàn-án 2023 yẹn náà ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, owó ọkọ̀ tún dín kù nígbà yẹn torí ìjọba ìpínlẹ̀ ń san apá kan. Mo ṣe ìṣirò, mo rí i pé òmùgọ̀ ni mo jẹ́ tí mo bá ń gbé mọ́tò lọ. Èéfín tó sì yẹ kí mọ́tò mi tú lọ́nà kò tú, torí, ẹ má rẹ́rìn-ín, iná mànàmáná ni ọkọ̀ náà ń lò, irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń gbé e wá, fóltì 750, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fẹsẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Red Line tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, ti Agbado sí Oyingbo, dísù nìyẹn ṣì ń jẹ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ka iye danfo tó máa gba èrò inú ẹ̀ ná.

Nǹkan tí mo fẹ́ kí LAMATA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò l'Ékòó, gbọ́ nìyí. Bílíbọ́ọ̀dù tó ní ká dáàbò bo àyíká ò lè gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni l'Ékòó. Ohun tó lè gbà á ni kó dá èèyàn lójú pé òun á débẹ̀, òun á sì padà wálé láìsí ìjà. Ọkọ̀ tiwọn ti ṣe tiẹ̀. Ohun tó wà kéèyàn tó dé ọkọ̀ àti lẹ́yìn tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló kù.

Ẹ wo èmi tí mò ń gbé Festac. Láàárọ̀, kò burú. Lálẹ́ tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2, oníkẹ̀kẹ́ á wo ojú mi, á rí i pé ó ti rẹ̀ mí, owó á di ìlọ́po méjì. Tójò bá wá ń rọ̀, wọn ò tiẹ̀ ní dá yín lóhùn, "drop ni o, drop ni o", bẹ́ẹ̀ ni agbèrò á máa na ọwọ́ sínú kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ ti jókòó sí tán. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé owó kẹ̀kẹ́ ju owó rélùwéè lọ! Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò máa ń wù mí gbé lọ́jọ́ kejì.

Bẹ́ẹ̀ Gómìnà Sanwo-Olu ti kó bọ́ọ̀sì kékeré 500 jáde ní 2021, First and Last Mile ni wọ́n pè é, iṣẹ́ tí wọ́n sì torí ẹ̀ rà wọ́n gan-an nìyí, kí wọ́n máa gbé èèyàn láti ẹnu ilé dé ibi tí ọkọ̀ ńlá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò ó sí Mile 2 ní àṣálẹ́, kó máa wọ Festac, kó máa wọ Satellite Town. Àbúrò mi tó wà ní Peckham sọ fún mi pé ní London, láti 2016, tó o bá ti sanwó bọ́ọ̀sì kan, o lè wọ bọ́ọ̀sì mìíràn láàárín wákàtí kan láìsan kọ́bọ̀. Káàdì Cowry kan náà là ń fi wọ bọ́ọ̀sì BRT, òun là ń fi wọ rélùwéè, òun là ń fi wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ náà kúkú mọ ibi tí mo ti bọ́ sílẹ̀ àti aago tí mo bọ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí kò lè dín owó ọkọ̀ kejì kù fún mi?

Àwọn ará Okokomaiko ni mo sì máa ń káàánú jù. 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n sì kọ́kọ́ ní ó máa ti gbéra, kìlómítà 27, mẹ́tàlá péré ló wá ṣílẹ̀kùn ní 2023. Wọ́n ti ń ṣe apá kejì, mo mọ̀. Kí wọ́n tẹ̀ síwájú kíákíá ni o.

Tó bá jẹ́ ọ̀gá ọmọbìnrin yẹn ló ń ka eléyìí, ìbùdó Mile 2 ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí aago méje kọjá díẹ̀ láàárọ̀. Ẹ fi nǹkan kún owó ẹ̀.

Máàkì mi: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ọkọ mi ní ahun ni mí, pé ohun tí mo ń sọ nípa ọkọ̀ yìí nílé ju mẹ́ta lọ. Ẹni tó bá mọ kẹ̀kẹ́ tó ń wọ Festac láti Mile 2 lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ tí kì í sọ owó di méjì, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi.