Àgbéyẹ̀wò ètò EPSCoR: owó ìwádìí fún àwọn ìpínlẹ̀ tí owó kì í sábà dé

Ara ẹ̀rọ kan ni mo ti kọ́kọ́ rí orúkọ ètò yìí. Ẹ̀rọ náà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí tí wọ́n fi mí sí nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà láti wá gba oyè PhD, wọ́n sì lẹ bébà funfun kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó sọ pé owó EPSCoR ni wọ́n fi rà á. Omi kànga ni iṣẹ́ mi dá lé. Bí mo bá ti bu omi nínú kànga àwọn àgbẹ̀ bọ̀, màá rọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìgò tó kéré ju àtàǹpàkò mi lọ, màá fi rọ́bà dé e, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà á gún rọ́bà yẹn, á sì fa omi tí kò tó ẹ̀kán kan. Láti inú ìwọ̀nba yẹn ni a ti ń mọ̀ bóyá òjò ìgbà ooru ló kún kànga náà ni, tàbí yìnyín ìgbà òtútù tó yọ́ wọ ilẹ̀. Ọ̀gá mi sọ fún mi pé kí ẹ̀rọ náà tó dé, ńṣe ni àwọn máa ń di omi sínú páálí, tí àwọn á fi ránṣẹ́ sí yunifásítì ńlá kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, tí àwọn á sì máa retí èsì fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti lo ọdún mẹ́fà báyìí nínú iṣẹ́ tí owó ètò yìí ń gbé ró, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ àti gẹ́gẹ́ bí olùwádìí lẹ́yìn náà. Mo rí i pé ó yẹ kí ẹnìkan ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀ ní èdè wa, nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kàwé ní Oklahoma, Mississippi, Louisiana, Arkansas àti Kansas pọ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń jẹ nínú owó yìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Ìdájọ́ mi nìyí: ètò náà ń ṣe ohun tó ṣèlérí, ó ń gbé irinṣẹ́ àti ènìyàn dé ibi tí wọn ì bá má dé láéláé, ṣùgbọ́n ó mọ ọmọ bí ju bó ṣe mọ ọmọ tọ́ lọ. Bí máàkì márùn-ún bá wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá fún un ní mẹ́rin lórí ti ìbí, màá sì fún un ní méjì lórí ti ìtọ́.

NSF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, ló ni ètò náà. Òfin tó dá àjọ yìí sílẹ̀ ní 1950 ti sọ pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìwádìí àti ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kóra jọ sójú kan jù, síbẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ bíi California, Massachusetts àti New York ni owó ń rọ́ lọ sí. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó ní yàrá ìwádìí tó dára ló ń kọ àbá tó dára, ẹni tó kọ àbá tó dára ló ń gba owó, owó yẹn náà ni yóò sì fi tún yàrá ìwádìí rẹ̀ ṣe. Ní 1978, ìgbìmọ̀ tó ń darí NSF fọwọ́ sí i pé kí a ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti kù sẹ́yìn, nígbà tó sì di 1980, ìpínlẹ̀ márùn-ún ti ń gbà á: Arkansas, Maine, Montana, South Carolina àti West Virginia. Ètò ìdánwò (Experimental) ni wọ́n pè é nígbà náà, ọ̀rọ̀ yẹn ni lẹ́tà E tó bẹ̀rẹ̀ EPSCoR dúró fún, àfi ìgbà tí òfin kan yí i padà ní 2017 tó sì sọ ọ́ di ètò tó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ (Established). Ìpínlẹ̀ tó bá gba ìdá 0.75 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìwádìí NSF tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, láàárín ọdún márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ló lè wọ inú rẹ̀. Ní 2023, ìpínlẹ̀ 25 ló wà lórí ìwé, pẹ̀lú Puerto Rico, Guam àti àwọn erékùṣù Virgin tó jẹ́ ti Amẹ́ríkà.

Ohun tó wù mí jù nínú bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń fúnni lówó kìkì nítorí pé ìpínlẹ̀ ẹni tálákà. Àwọn onímọ̀ láti ibòmíràn ni yóò ka àbá ẹni, tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Bí àbá kan bá yege, ṣùgbọ́n tí owó ẹ̀ka tó yẹ kó san án kò ká a, EPSCoR lè fi tirẹ̀ kún un. Èyí tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Track-1, tó lè tó mílíọ̀nù 20 dọ́là fún ọdún márùn-ún. Àbá kan ṣoṣo ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi sílẹ̀ fún un, nítorí náà àwọn yunifásítì tó máa ń bára wọn du owó ní láti jókòó pọ̀ kí wọ́n sì fẹnu kò, ìpínlẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ mú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó béèrè wá láti àpò tirẹ̀. NSF ti wá fi ètò méjì mìíràn, E-CORE àti E-RISE, rọ́pò Track-1 báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí irú owó bẹ́ẹ̀ lè ṣe, kó wo Hawaii. Ní 2016, yunifásítì ìpínlẹ̀ náà gba mílíọ̀nù 20 dọ́là fún iṣẹ́ kan tí wọ́n fi èdè ìbílẹ̀ wọn sọ ní ʻIke Wai, orúkọ tó so ìmọ̀ pọ̀ mọ́ omi. Òkun oníyọ̀ ló yí wọn ká, òjò tó rọ̀ wọ inú àpáta ni wọ́n ń mu, wọn kò sì mọ bí omi abẹ́ ilẹ̀ yẹn ṣe ń rìn tó bó ṣe yẹ. Àwọn olùwádìí náà fi ọkọ̀ ojú omi wọ́ ẹ̀rọ kan tó ń rán agbára iná sínú òkun, ní ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Hawaii. Omi oníyọ̀ máa ń gbé iná dáadáa, omi tí kò níyọ̀ kì í sì í gbé e bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ka ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n fi rí i pé omi tí kò níyọ̀ pọ̀ nínú àpáta tó wà lábẹ́ òkun fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà á mọ́ omi tí erékùṣù náà ní tẹ́lẹ̀. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní 2020. Èmi tí mo ń fi ìgò bu omi kànga, nígbà tí mo kà á, mo dìde kúrò nídìí tábìlì mi.

Iṣẹ́ ti Maine, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, ń wá àmì DNA tí ẹja fi sílẹ̀ nínú omi. Ti Delaware dá lórí omi tí iyọ̀ ń wọ̀, wọ́n sì mú Delaware State University, tó jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú yunifásítì tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀ náà. Mo fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀.

Ẹ̀ka kékeré kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Track-4 tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì ni ó máa ń fún lówó, ó lè tó 300,000 dọ́là, kí ó lè lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ńlá kan níbòmíràn, kí ó sì mú akẹ́kọ̀ọ́ kan dání. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀gá mi mú dání. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń bójú tó ẹ̀rọ gbé ìgò tí mo fi bu omi lóko sókè sí iná, wọ́n fi ìka kan àlàfo tó wà láàárín omi àti ìdérí, wọ́n sì sọ fún mi pé inú àlàfo yẹn ni omi mi ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ tí èsì rẹ̀ sì ń yí padà. Kí n kún un dé ọrùn. Ọdún kan gbáko ni a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Kò sí ìwé tí mo kà tó kọ́ mi ní ohun tí ìka kan ṣoṣo yẹn kọ́ mi, ìdí sì nìyẹn tí mo fi gbà pé Track-4 ló dára jù nínú gbogbo ètò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ kéré.

Ó wá ku ibi tó ti ń dùn mí. Owó ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ wa, òun náà ni wọ́n fi ń san owó oṣù bàbá tó ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí owó náà tán, yunifásítì tí mo wà sọ pé kò sí ààyè fún wọn nínú ìṣúná, wọ́n sì lọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ epo rọ̀bì kan. Bàbá yìí nìkan ló mọ ìró tí ẹ̀rọ náà máa ń ṣe bí ohun kan bá fẹ́ bàjẹ́ lára rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́. Mo ní ìgò 140 nínú fíríìjì, ọjọ́ tí mo ní láti parí ìwé oyè mi sì ti sún mọ́lé. Mo lọ ra páálí, mo di ìgò náà sínú rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí yunifásítì ìpínlẹ̀ kejì yẹn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi ti ń ṣe kí ètò náà tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kì í ṣe pé ọ̀nà àbáyọ kò sí. NIH, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwádìí ìlera, ní ètò tó jọ èyí, tí wọ́n ń pè ní IDeA, láti 1993. Nínú ẹ̀ka rẹ̀ tó ń jẹ́ COBRE, ìpele mẹ́ta ni owó ní, ọdún márùn-ún márùn-ún, wọ́n sì ya ìpele kẹta sọ́tọ̀ kí àwọn ẹ̀rọ àjùmọ̀lò àti àwọn tó ń tọ́jú wọn má bàa dúró. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ EPSCoR kò ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ètò náà ti kùnà, nítorí pé ìpínlẹ̀ márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980 ṣì wà lórí ìwé títí di 2023. Èmi kò gbà. Àwọn tó wà níwájú kò dúró de ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì ń sáré tẹ̀lé ẹni tó ń sáré lè má dín àlàfo kù, bẹ́ẹ̀ ó ti kúrò níbi tó wà. Ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ àléébù ni pé ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn òṣì. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí kò ní ẹ̀rọ kankan ní Georgia tàbí Texas kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, nítorí pé àwọn yunifásítì olówó ló wà ní ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Òfin CHIPS and Science ti 2022 pàṣẹ pé kí ìpín àwọn ìpínlẹ̀ EPSCoR nínú owó NSF máa gòkè títí yóò fi tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2029, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n kò kan irú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtiwá kàwé láti ilé, ètò yìí wúlò fún yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Owó ìkẹ́kọ̀ọ́ GRFP ti NSF, ọmọ Amẹ́ríkà àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ló wà fún, ṣùgbọ́n owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìwádìí olùkọ́ kan kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí sì ń wá akẹ́kọ̀ọ́ lójú méjèèjì. Kí ẹ tó gba ìwé ìgbaniwọlé, ẹ lọ sórí ìkànnì NSF tí wọ́n kó àwọn owó ìwádìí tí wọ́n ti fọwọ́ sí jọ sí, ẹ tẹ orúkọ olùkọ́ náà, ẹ ó rí ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán. Bó bá ku ọdún kan péré, ẹ kọ̀wé sí olùkọ́ náà kí ẹ tó san owó físà, kí ẹ béèrè ibi tí owó oṣù yín ti ọdún kejì yóò ti wá, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹ̀rọ.