R-9012, PL-330, D-808 àti PL-680: rédíò shortwave wo ni kẹ́ ẹ rà?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, èèyàn tó ti bi mí pé rédíò shortwave (èyí tó ń gbé ohùn wá láti ọ̀nà jíjìn, títí kan ilẹ̀ òkèèrè) wo ni kóun rà ti pọ̀ díẹ̀, àwọn kan fẹ́ rà á fúnra wọn, àwọn kan wà ní London àti Houston tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí bàbá wọn nílé, mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ síbì kan. Mẹ́rin ni mo máa fi wéra: Tecsun R-9012, Tecsun PL-330, XHDATA D-808 àti Tecsun PL-680. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà nílé mi l'Abẹ́òkúta báyìí, PL-680 jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ó wà lọ́dọ̀ mi fún bí oṣù méjì kí wọ́n tó wá gbà á padà. Kò sí èyí tó yẹpẹrẹ nínú wọn. Àmọ́ wọn ò jọra rárá, ẹni tó bá sì ra èyí tí ò bá a lára mu, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn, mo ti rí i lọ́dọ̀ èèyàn púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kẹ́ ẹ má baà rà á tán kẹ́ ẹ máa bá mi jà. BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 ò sí lórí shortwave o, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ fẹ́, fóònù ọwọ́ yín ti tó. Ohun tẹ́ ẹ máa rí níbí ni BBC elédè Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọlé láti erékùṣù Ascension, níbi tí ẹ̀rọ wọn ti wà láti 1966, BBC Hausa tó ti ń sọ̀rọ̀ láti 1957, RFI, rédíò àwọn ará Faransé, lédè wọn, àwọn ará Ṣáínà ní oríṣiríṣi èdè, àwọn oníwàásù, àti Voice of Nigeria tiwa, tí ètò Yorùbá wà nínú iṣẹ́ wọn. Kò jẹ dátà, kò bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹni tó wà lóko níbi tí fóònù ti ń kọ "no service" máa gbọ́ ọ ketekete.

BÁTÌRÌ NI KẸ́ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Àwọn tó máa ń kọ̀wé nípa rédíò lókè òkun, ọ̀rọ̀ bátìrì ni wọ́n máa ń fi kẹ́yìn, tèmi ló máa ṣíwájú, torí rédíò tí bátìrì ẹ̀ ò sí ládùúgbò yín, ẹrù lásán ni. R-9012 ń lo AA méjì, bátìrì aago ògiri yẹn, ìyá aláté tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé yín ń tà á pọ̀ mọ́ ìṣáná àti ọṣẹ. PL-680 ń lo mẹ́rin irú ẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí, ì báà jẹ́ pé wọn ò mú iná wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ṣì máa gbọ́ ìròyìn yín.

PL-330 ń lo BL-5C, bátìrì pẹlẹbẹ tí gbogbo wa mọ̀ látinú Nokia kéékèèké onítọ́ọ̀ṣì. Ó wà níbi gbogbo, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà ẹ̀, torí ayédèrú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Èyí tó bá rédíò mi wá dáa, mo kàn fẹ́ ní ìkejì tí màá máa fi pààrọ̀ ẹ̀ ni, mo wá rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra fún mi pé ojúlówó ni, kò pé oṣù méjì tí ìdérí ẹ̀yìn rédíò ò fi pa dé mọ́, ìgbà tí mo máa yọ bátìrì jáde ó ti wú bí àkàrà. Bí mo ṣe ń dán an wò látìgbà yẹn rèé: ẹ gbé e sórí gíláàsì tábìlì ọlọ́jà, kẹ́ ẹ fi ìka kan yí i. Tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ò fẹ́ yí, ẹ san owó. Tó bá ń yí bí òkòtó, inú ẹ̀ ti wú, ẹ dá a padà fún un.

D-808 ní tiẹ̀ ń lo 18650, èyí tó rí róbótó tó gùn díẹ̀ ju ìka lọ, tó máa ń wà nínú power bank àti tọ́ọ̀ṣì alágbára. Ó máa ń pẹ́ kó tó tán, tèmi lè lo ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ tí mo bá ń gbọ́ ọ ní wákàtí méjì lójúmọ́. Tẹ́ ẹ bá rí 18650 tí wọ́n kọ 9900mAh sí lára, irọ́ ni, kò sí 18650 kankan tó ń gbà tó ìdajì ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi sínú rédíò, ẹ wo àmì "+" àti "–" dáadáa, kò sí ìdí tẹ́ ẹ fi máa kánjú níbẹ̀.

PL-330 àti D-808 ń lo ẹnu ṣájà micro USB, ti Android àtijọ́, kò sí ilé tí wọn ò ti ní kan sílẹ̀. PL-680 ń fẹ́ adápítọ̀ 6V tiẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ má kàn ki ṣájàkíṣájà bọ̀ ọ́. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kó kúrò lórí iná kẹ́ ẹ tó gbọ́ shortwave, torí ṣájà yẹn fúnra ẹ̀ máa ń pariwo wọ inú rédíò.

BÍ WỌ́N ṢE Ń WÁ ÌKÀNNÌ

Níbí ni R-9012 ti dá yàtọ̀. Kò ní nọ́ńbà ojú, abẹ́rẹ́ pupa ló ní, pẹ̀lú bọ́tìnì yíyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti swíìsì tẹ́ ẹ fi ń mú ọ̀kan nínú bánǹdì shortwave mẹ́wàá, ìyẹn àwọn apá tí wọ́n pín shortwave sí. Ó ní FM àti MW (medium wave, tí wọ́n tún ń pè ní AM) náà. Ẹ yí i díẹ̀ báyìí, ẹ ti fo ìkànnì méjì, ó gba sùúrù. Àmọ́ àgbàlagbà tó ti fi irú ẹ̀ gbọ́ rédíò láti kékeré, kò sí ohun tẹ́ ẹ tún fẹ́ kọ́ ọ. Bàbá mi fi bíró pupa fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta sára ike ojú tiwọn, ìlà kan fún àárọ̀, méjì fún alẹ́, wọ́n á kàn gbé abẹ́rẹ́ wá sórí ìlà, wọ́n á sún un díẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, ó parí. Mo fún wọn ní PL-330 rí, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi lò ó, wọ́n ní bọ́tìnì ẹ̀ ti kéré jù fún ìka wọn, òótọ́ sì ni.

PL-330 àti D-808, ẹ tẹ nọ́ńbà, ẹ dé ibẹ̀. Ẹ fẹ́ 7255, tí Voice of Nigeria ti pẹ́ lórí ẹ̀, ẹ tẹ 7255. Bọ́tìnì D-808 fẹ̀, ó sì jìnnà síra, èmi fẹ́ràn ẹ̀ lálẹ́. Ohun tí PL-330 wá fi jù ú lọ ni ETM+, tẹ́ ẹ bá ti mú un ṣiṣẹ́, ó máa fúnra ẹ̀ sáré la gbogbo shortwave já, ìkànnì tó bá bá pàdé ló ń kó pamọ́, ó sì ń ya ti wákàtí kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, èyí tó bá rí ní aago méje alẹ́ ò ní dàpọ̀ mọ́ ti aago mẹ́fà àárọ̀. Torí náà ẹ tún aago ẹ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tí aago ò bá tọ̀nà, gbogbo ohun tó kó pamọ́ máa dojú rú. Ẹni tí ò mọ nọ́ńbà ìkànnì kankan, tó kàn fẹ́ mọ ohun tó wà lójú ọ̀run, PL-330 ni kó rà.

ETÍ

Spíkà D-808 dùn, ohùn ẹ̀ nípọn, ti PL-680 náà dáa gan-an. PL-330 kéré, ó wọ àpò bùbá, ẹ ò lè retí kí ohùn ẹ̀ kún yàrá. R-9012 dún tó fún ẹni tó gbé e sẹ́bàá ìrọ̀rí.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn PL-680 ẹ̀gbọ́n mi ni ohun tí wọ́n ń pè ní sync. Ẹ mọ bí shortwave ṣe máa ń ṣe, ohùn á lọ á bọ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lódìkejì odò tí afẹ́fẹ́ ń gbé ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, nígbà míì á tiẹ̀ wọ́ jagajaga tí ẹ ò ní mọ ohun tó ń sọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ sync, ó máa ń di ìkànnì náà mú, wíwọ́ yẹn á dínkù, ẹ á gbọ́ ìròyìn yín délẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló fẹ́ gbọ́, tí etí ẹ̀ ò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, tó bá rí PL-680 tó ṣì dáa, kó má jẹ́ kó lọ.

SSB, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà fi ohùn ránṣẹ́ tí rédíò lásán ò lè tú, wà lára àwọn mẹ́ta, kò sí lára R-9012. Àwọn tó ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ kárí ayé ló ń lò ó, àti àwọn ọkọ̀ òfurufú tó bá wà níbi tí rédíò ti pápákọ̀ ò lè dé. Ẹ wá sí 8903 kHz lálẹ́, kẹ́ ẹ mú USB (oríṣi SSB kan ni, kì í ṣe ti ẹnu ṣájà). Ẹ kọ́kọ́ má tẹ SSB, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni ohùn pẹ́pẹ́yẹ, kò ní ìtumọ̀. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ rọra yí i, ó máa ń là díẹ̀díẹ̀ ni, títí awakọ̀ òfurufú kan á fi wọlé tó ń pe Kano, tó ń ka ibi tó dé àti bó ṣe ga tó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo gbójú sókè bíi pé mo máa rí ọkọ̀ náà. Mi ò sùn títí aago kan.

ARIWO INÚ ILÉ

Apá yìí ṣe pàtàkì ju irú rédíò tẹ́ ẹ rà lọ, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ kà á délẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra D-808 mo rò pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, gbogbo shortwave ń hó "ṣàààà", BBC ń dún bíi pé ó wà nísàlẹ̀ kànga. Bó ṣe di aago mẹ́jọ alẹ́ ni NEPA mú iná lọ. Lójú ẹsẹ̀, ariwo yẹn já bí ìgbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ ìlọta, ìkànnì mẹ́rin ló yọjú níbi tí mo ti rò pé òfìfo ni. Ilé mi ló ń pariwo, rédíò ò ṣe nǹkan kan.

Gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, ṣájà fóònù tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ínfátà, ẹ̀rọ sólà, tẹlifíṣàn, gbogbo wọn ló ń ṣe é. Ẹ mú rédíò lọ́wọ́, kẹ́ ẹ máa yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa mọ ọ̀daràn. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé rédíò jáde, ẹ̀yìnkùlé tó jìnnà sí wáyà iná máa ń yàtọ̀ gedegbe.

Ẹ wá wá wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, mítà márùn-ún sí méje ti tó, kẹ́ ẹ so orí kan mọ́ igi máńgòrò tàbí òpó aṣọ sísá, kẹ́ ẹ fi clip eléyín gbá ìkejì mọ́ ọ̀pá áńtẹ́nà. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbà á. R-9012 pẹ̀lú wáyà yìí níta máa ń gbọ́ ju PL-680 tó wà nínú pálọ̀ lọ, mo ti gbé wọn kalẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà mo sì fetí ara mi gbọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí wáyà yẹn súnmọ́ wáyà NEPA láéláé, tí òjò bá sì ti ń ṣú, ẹ já a kúrò kẹ́ ẹ gbé rédíò wọlé. Tí ìkànnì bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn lálẹ́, wáyà ti gùn jù nìyẹn, ẹ dín in kù.

Àwọn rédíò tó ní tọ́ọ̀ṣì, tó ní sólà, tó gba mẹ́mórì káàdì, tí wọ́n kọ "world receiver" gàdàgbà sí lára, ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ shortwave lẹ fẹ́, ẹ má fi owó yín rà wọ́n. Mo ti dán mẹ́ta wò, FM wọn dáa fún orin, lórí shortwave adití ni wọ́n.

ÈWO WÁ NI?

Fún bàbá tàbí ìyá tó ti dàgbà, R-9012, kẹ́ ẹ ra bátìrì AA páálí kan mọ́ ọn. Fún ẹni tó ń rìnrìn àjò, PL-330. Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan péré lẹ máa rà láyé yín tẹ́ ẹ sì fẹ́ kọ́ nǹkan yìí, D-808, òun ni èmi máa mú tí wọ́n bá ní kí n fi mẹ́ta tó kù sílẹ̀.

Tó bá délé, ẹ ṣí i ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sán, ìkànnì ń pọ̀ ní òkè, 15000 sí 17900 kHz, tí ilẹ̀ bá ṣú ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá sí 9400 sí 9900, kẹ́ ẹ tún sọ̀ kalẹ̀ sí 7200 àti 5900. Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni wọ́n fi ń kọ ètò shortwave, ẹ fi wákàtí kan kún un fún Nàìjíríà àti Benin. Wọ́n máa ń pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta àti Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, tí ìkànnì yín bá sọnù lásìkò yẹn, ẹ má rò pé rédíò bàjẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, nọ́ńbà ìkànnì MW tiyín lọ́hùn-ún ń fo kHz mẹ́wàá mẹ́wàá, tiwa ń fo mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. TWR, rédíò oníwàásù tó wà ní Parakou ní Benin, ń sọ̀rọ̀ lórí 1566, rédíò tó bá ń fo mẹ́wàá máa kúrò ní 1560 bọ́ sí 1570, kò ní dúró níbẹ̀. Ẹ yí i sí 9 kHz kẹ́ ẹ tó dì í sínú páálí, torí ẹni tó máa gbà á nílé lè má mọ ibi tí wọ́n ti ń yí i.