Ẹnu wọn ni mo ń tẹ́tí sí: èrò mi lórí àwọn nọ́fẹ̀lì tí mo kà láìpẹ́ yìí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ irú òǹkàwé tí mo jẹ́ kẹ́ ẹ lè mọ bẹ́ ẹ ṣe máa gba ọ̀rọ̀ mi, torí ohun tó sú mi lè jẹ́ ohun tí ẹlòmíì ń wá kiri. Èmi ò bìkítà bóyá ìjà pọ̀ nínú ìtàn tàbí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú ẹ̀ ni mo máa ń tẹ́tí sí. Tí àwọn méjì bá ń sọ̀rọ̀ tí mo sì mọ ẹni tó ń sọ ọ́ láìjẹ́ pé òǹkọ̀wé dárúkọ ẹ̀, tí mo tún wá ń gbọ́ ohun tí wọn ò sọ jáde, ìwé yẹn ti mú mi nìyẹn. Àmọ́ tí gbogbo wọn bá ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń pín lò, kódà kí ayé máa jóná nínú ìtàn ọ̀hún, oorun ló máa gbé mi lọ.

Ibi ìwé ìfẹ́ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ torí àwọn èèyàn máa ń fojú di í jù. Wọ́n á ní ṣebí a ti mọ̀ pé wọ́n máa fẹ́ra wọn gbẹ̀yìn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà! Ẹni tó ń kọ ìwé ìfẹ́ ti jẹ́ kó o mọ òpin kó o tó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ló wá kù tó máa fi dá ẹ dúró tí kì í bá ṣe bí àwọn méjèèjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀? Emily Henry mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò lè parọ́. Nínú Funny Story tó jáde ní 2024, Daphne ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì, apá tàwọn ọmọdé ló wà, ó ti kó tẹ̀lé àfẹ́sọ́nà ẹ̀ Peter lọ sí ìlú kékeré kan ní Michigan, ìgbéyàwó ti sún mọ́lé, ni bọ̀ọ̀dá bá ti ibi àríyá àpọ́n dé tó ní Petra tí àwọn ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré lòun nífẹ̀ẹ́. Daphne ní láti kó jáde, ibo ló wá kó lọ? Ọ̀dọ̀ Miles, ẹni tí Petra já sílẹ̀ torí Peter! Ẹ tún gbọ́ o, ìwé ìpè ìgbéyàwó tún dé láti ọ̀dọ̀ àwọn aláìnítìjú méjèèjì, ni Daphne bá yára purọ́ pé òun àti Miles ti ń fẹ́ra.

Bí mo ṣe sọ ọ́ yìí ó lè dà bí ìtàn tá a ti gbọ́ sú. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Miles máa ń ṣàwàdà ṣáá, ó ń yá mọ́ gbogbo èèyàn, ó máa pẹ́ díẹ̀ kó o tó fura pé ẹ̀fẹ̀ yẹn ló fi ń bo ohun tójú ẹ̀ ti rí nílé wọn. Daphne ní tiẹ̀, bàbá tó máa ń ṣèlérí tí kì í mú un ṣẹ ló bí i, torí náà tẹ́nì kan bá ti ní òun ń bọ̀, ọkàn ẹ̀ kì í balẹ̀. Òǹkọ̀wé ò jókòó máa ṣàlàyé ọgbẹ́ ọkàn fún wa, ẹnu wọn la ti ń gbọ́ ọ. Ká má sì gbàgbé Ashleigh tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, èmi ò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ àárín òun àti Daphne ò dùn mọ́ mi ju ìfẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ ra ìwé lọ.

Èyí tó tẹ̀ lé e, Great Big Beautiful Life, ti 2025, kò mú mi tó bẹ́ẹ̀. Alice àti Hayden jẹ́ òǹkọ̀wé méjì tó ń du iṣẹ́ kan ṣoṣo, wọ́n fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé Margaret Ives, ìyá àgbà kan tó gbajúmọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá lọ fara pa mọ́, wọ́n sì ti fọwọ́ síwèé pé àwọn ò ní sọ ohun tó bá bá kálukú sọ fún ara wọn. Ẹ ò rí i pé iyọ̀ wà nínú ìyẹn! Àwọn méjì tó ń fẹ́ra wọn àmọ́ tí wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó gba ọkàn wọn jù. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń rìn yí ká ọ̀rọ̀ yẹn dáa gan-an. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìtàn ìdílé Margaret gba àyè tó pọ̀, ìròyìn lásán ló sì pọ̀ níbẹ̀, baba ńlá ṣe báyìí, ọmọ ṣe báyẹn, mo kàn ń wá ìgbà tí a máa pa dà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn mi.

Ó yá, ó kan dírágónì, ẹranko ńlá inú ìtàn tó ń fò tó sì ń tu iná lẹ́nu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi níbí. Fourth Wing tí Rebecca Yarros kọ ni gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀ láti 2023, ìtàn náà sì mú èèyàn lóòótọ́. Violet tó ti ń múra láti di akọ̀wé àti olùtọ́jú ìwé ni ìyá ẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gágun fipá tì sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun dírágónì, bẹ́ẹ̀ ara ọmọ náà ò lágbára, oríkèé ẹ̀ ò ṣòro láti yẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ sì rèé wọ́n ní kí wọ́n rìn kọjá lórí afárá òkúta tóóró kan lókè téńté, ẹni tó bá ṣubú, ó ti kú nìyẹn. Ojú ewé ń ṣí ara ẹ̀ ni! Tairn sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, dírágónì dúdú ńlá tó yan Violet. Inú ọkàn ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, Tairn á máa sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà tí wàhálà ọmọdé ti sú, gbólóhùn ẹ̀ kúrú, kò rí ti ẹnikẹ́ni rò, síbẹ̀ o máa gbọ́ ìfẹ́ nínú ìbáwí yẹn. Mo rẹ́rìn-ín lọ́pọ̀ ibi.

Àmọ́ tí Violet àti Xaden bá ti pàdé báyìí, ó tán. Xaden ni ọmọ ẹni tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ tí wọ́n wá pa, òun ni gbogbo èèyàn ní kí Violet sá fún, dírágónì tiẹ̀ àti Tairn sì jẹ́ tọkọtaya, ìyẹn ni wọn ò ṣe lè jìnnà síra. Ètò yẹn dáa, mi ò jiyàn. Ohun tó sú mi ni pé àsọtúnsọ ni wọ́n ń sọ, o ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi, ààbò ẹ ni mò ń wá, o ò fọkàn tán mi, o ò béèrè ìbéèrè tó yẹ, ó tún wá le sí i nínú Iron Flame tó jáde lọ́dún kan náà, débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú ewé lọ síbi tí Tairn ti máa tún sọ̀rọ̀. Ìwé kẹta, Onyx Storm, jáde ní oṣù kìíní 2025, wọ́n sì ta ohun tó ju mílíọ̀nù 2 lọ nínú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbádùn ẹ̀ pọ̀ jù mí lọ ṣá o.

Fántásì, ìyẹn ìtàn ayé abàmì, tí mi ò lè gbé sílẹ̀ ni The Tainted Cup ti Robert Jackson Bennett, tó gba ẹ̀bùn Hugo ní 2025. Ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ọba kú nínú ilé olówó kan, igi ló hù jáde látinú ara ẹ̀! Ana ló ń wádìí ẹ̀, obìnrin kan tí ọpọlọ ẹ̀ jí pépé ju tèmi lọ, ariwo ayé máa ń pọ̀ jù fún un débi pé ó máa ń fi aṣọ di ojú ara ẹ̀. Din ni ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n ti yí ọpọlọ tiẹ̀ pa dà, kò sí ohun tó rí tó lè gbàgbé. Ana kì í fẹ́ jáde, Din ló máa lọ wo ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, á wá jókòó ròyìn, Ana á máa bi í léèrè. Ẹ wá wò ó, gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa ayé wọn, àti àwọn ẹ̀dá abàmì tó máa ń jáde látinú òkun nígbà òjò láti wá wó odi, inú ìbéèrè àti ìdáhùn yẹn ló ti ń jáde. Ana máa ń ṣépè, kì í tijú ohunkóhun, Din ń ṣọ́ ẹnu ẹ̀ torí ó ní àṣírí tó ń pa mọ́, kò sí bó o ṣe máa ṣi wọ́n gbọ́.

Orbital tí Samantha Harvey kọ gba ẹ̀bùn ìwé Booker ní 2024, ó kéré, èèyàn 6 lójú òfuurufú, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni wọ́n yí ayé po lọ́jọ́ kan, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Ó rẹwà. Mi ò tún un kà.

Intermezzo ti Sally Rooney ńkọ́? Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni Peter àti Ivan, bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Òǹkọ̀wé yìí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn ti lé àwọn kan sá, àmọ́ èmi ò rí i bí ìṣòro, torí Ivan máa ń rò ó kó tó sọ ọ́, gbólóhùn Peter sì máa ń já láàárín bí ẹni tí ò sùn dáadáa. Ẹ kàn ka ibi tí Ivan tó jẹ́ ọmọ ọdún 22 ti sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé obìnrin tóun ń fẹ́ ti pé ọdún 36. Peter sọ ọ̀rọ̀ kan báyìí tó ba gbogbo nǹkan jẹ́, òun tí òun náà ń fẹ́ ọmọ yunifásítì! Mo pariwo mọ́ ìwé. Àwọn obìnrin inú ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó lójú tèmi, wọ́n ti lóye àwọn ọkùnrin yìí jù, wọ́n sì ń dárí jì wọ́n kíákíá.

Dream Count tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní 2025 lẹ́yìn ọdún 12 tí gbogbo wa ti ń retí nọ́fẹ̀lì míì, obìnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Chiamaka, Zikora, Omelogor àti Kadiatou. Chiamaka ń rántí àwọn ọkùnrin tó ti gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá, apá yẹn gùn. Omelogor tó ń ṣiṣẹ́ báńkì, mo fẹ́ràn ìgboyà ẹ̀, àmọ́ àwọn ibì kan wà tí mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́, tó dà bíi pé ó gun orí pèpéle lọ ń ka àròkọ. Kadiatou ló gbé ìwé náà ró. Obìnrin Guinea tó ń tún yàrá ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí àlejò ńlá kan fipá bá lò pọ̀, ó sì jẹyọ látinú ẹjọ́ gidi kan tó wáyé ní New York ní 2011. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò pọ̀. Àwọn lọ́yà àti àwọn tó ń wádìí wá ń fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn síbí, wọ́n ń fà á sọ́hùn-ún, inú bí mi débi pé mo ní láti dìde.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni James ti Percival Everett, tó gba ẹ̀bùn ìwé méjì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, National Book Award ní 2024 àti Pulitzer ní 2025. Jim ni, ẹrú tó bá Huckleberry Finn sá lọ lórí odò Mississippi nínú ìwé Mark Twain, òun fúnra ẹ̀ ló wá ń sọ ìtàn báyìí. Àwọn ẹrú inú ìwé yìí máa ń sọ̀rọ̀ geere láàárín ara wọn, èdè wúruwùru tí Mark Twain fi sí Jim lẹ́nu yẹn, iwájú aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ti ń sọ ọ́, torí ẹ̀mí wọn ni. James kó àwọn ọmọdé jọ, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́. Tí iná bá ràn ní ilé ìdáná, kí ọmọ má sọ ọ́ tààràtà o, kó jẹ́ kí ìyá funfun yẹn fúnra ẹ̀ rí i kó sì dárúkọ ẹ̀. Àwọn ọmọ ń dáhùn bí ọmọ iléèwé tó mọ ìwé dáadáa, ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé ẹ̀kọ́ bí wọn ò ṣe ní pa wọ́n ni wọ́n ń kọ́. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbà tí James bá lanu ni àyà mi ń já. Ejò bù ú ṣán, ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, Huck sì ń gbọ́! Ó tún wá fẹ́ kọ ìtàn ara ẹ̀ sílẹ̀, ó nílò pẹ́ńsù, ọkùnrin kan jí pẹ́ńsù fún un, wọ́n sì pa ọkùnrin yẹn torí pẹ́ńsù kan. Òǹkọ̀wé ò sunkún lé e lórí, ó kàn ń bá ìtàn lọ.

Tí mo bá ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀, Sadie ìyàwó ẹ̀ àti Lizzie ọmọ wọn ni. Torí wọn ni gbogbo ìrìn yẹn, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ ohun gbogbo, mélòó ni wọ́n rí sọ? Apá ìparí náà sì ń sáré jù, mo rò pé ó lè gba ojú ewé díẹ̀ sí i. Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ó di dandan kéèyàn kọ́kọ́ ka ti Mark Twain. Kò di dandan, ìtàn náà yé èèyàn láìsí ìyẹn. Àmọ́ tó o bá ní in nílé, ka James ná, kó o wá ṣí ti àtijọ́ lẹ́yìn náà, gbogbo ibi tí Jim bá ti ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wàá máa ronú nípa ohun tó fẹ́ sọ gan-an.