Ìlà tó ń yí àwòrán ká àbí ìlà onígun mẹ́rin, èwo lẹ máa rán sórí kúìtì (aṣọ alápá méjì tí wọ́n fi òwú rírọ̀ sáàárín, tí wọ́n sì rán pọ̀)?

Tẹ́ ẹ bá ti rán òdòdó tẹ́ ẹ fi aṣọ gé mọ́ ojú kúìtì tán, àyíká ẹ̀ ló kù láti rán. Ìlà tó ń yí òdòdó ká, bí omi tí wọ́n sọ òkúta sí, ò nílò àmì, tọ́wọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ kò hàn. Onígun mẹ́rin, ìyẹn àwọn ìlà tó dábùú ara wọn bí àpótí kéékèèké, ní tiẹ̀ gba rúlà àti ṣọ́ọ̀kì, ẹ ó máa dúró létí òdòdó, ẹ ó so òwú, ẹ ó gé e, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ lódìkejì (ibẹ̀ ló ń jẹ àkókò jù!), ìlà kan ṣoṣo tó bá wọ́, gbogbo ojú ló máa rí i. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rán an súnmọ́ra, òdòdó á wú jáde, ó rẹwà gan-an ni, àmọ́ aṣọ á le díẹ̀.

Kúìtì ìbora, tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ: ẹ yí i ká. Èyí tẹ́ ẹ máa gbé kọ́ ògiri, tí àkókò sì wà: onígun mẹ́rin.