Èrè la ó fi bẹ̀ wọ́n, àbí ẹ̀tọ́?

Ọ̀nà méjì la lè gbà rọ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ láti gba onírúurú èèyàn síṣẹ́.

Èrè ni ọ̀pọ̀ ń tẹnu mọ́. Ìwádìí tí McKinsey, ilé-iṣẹ́ tó ń gba àwọn oníṣòwò nímọ̀ràn, ṣe ní ọdún 2015 sọ pé níbi tí àwọn ọ̀gá bá ti wá láti oríṣiríṣi ẹ̀yà jù lọ, ìrètí pé ilé-iṣẹ́ náà á jèrè ju akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn létí olówó. Àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ kan yẹ irú rẹ̀ wò láàárín ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2024, wọn ò rí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀tọ́ ńkọ́? Ẹni tó mọṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ pàdánù rẹ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí ìpèníjà ara. Èyí ni mo fara mọ́ tọkàntọkàn, torí pé kò sí ìṣirò owó tó lè yí i padà.