Windows tàbí Linux fún láptọ́ọ̀pù àlòkù?

Ètò adarí (operating system) ni Windows àti Linux: ètò tó máa ń jí bí a bá tan kọ̀ǹpútà, tó sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ náà. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé Ìkòròdú, Windows tí Microsoft gbé jáde ní 1985 ni ó mọ́ àwọn ènìyàn lára jù, fáìlì Word tí oníbàárà bá sì mú wá yóò ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń gba àṣẹ rẹ̀, Windows 11 sì ń béèrè RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) 4 GB, ó kéré tán, àti ẹ̀yà ààbò TPM 2.0 tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ní.

Ọ̀fẹ́ ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ inú rẹ̀ wò kí ó tún un ṣe. Mo fi Linux Mint, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, sórí láptọ́ọ̀pù àbúrò mi. Àmì róbótó tó máa ń yí lójú rẹ̀ títí tí ọkàn ènìyàn yóò fi rẹ̀ kò yí pẹ́ mọ́. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé tó wà nínú rẹ̀, ń ṣí fáìlì Word, àmọ́ tábìlì inú fáìlì a máa yẹ̀ nígbà mìíràn, nítorí náà n kò ní gba atẹ̀wé nímọ̀ràn pé kí ó fi Windows sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ kí ó gbé Linux.