Kírẹ́díìtì inú ọkọ̀ òkun: kí ló yẹ kí ẹ ná an sí, kí ló yẹ kí ẹ yẹra fún?

Bí ẹ bá ń ra ìrìn-àjò afẹ́ lórí òkun, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi owó kan kún un fún yín: dọ́là 50, dọ́là 100, nígbà mìíràn dọ́là 300. Wọn kì í kà á síni lọ́wọ́. Inú àkáǹtì yàrá yín lórí ọkọ̀ ni wọ́n ń fi sí, orí ọkọ̀ náà lẹ sì ti máa ná an. Òun ni kírẹ́díìtì inú ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ lè fi ṣe ìpolówó. Ejẹ́ǹtì tó bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì lè yọ ọ́ nínú èrè tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣíà 100, ó kéré tán, nínú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Carnival tàbí Royal Caribbean náà lè béèrè fún un, bó bá tètè fi ẹ̀rí ránṣẹ́ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣòro. Owó tí ẹ máa san tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi kírẹ́díìtì san, kí ẹ tó máa ronú fàájì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é sódì: wọ́n á fi owó àpò wọn san gbogbo gbèsè láti ilé, tó bá wá di alẹ́ tó kẹ́yìn, wọ́n á máa sáré kiri inú ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ torí pé dọ́là 140 fẹ́ jóná.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tí wọ́n fún yín

Oríṣi méjì ló wà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì tóbi ju iye owó náà lọ. Èkíní ṣeé dá padà: bí ẹ kò bá ná an tán, wọ́n á dá ìyókù padà sórí káàdì yín tàbí kí wọ́n kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún yín. Èkejì kò ṣeé dá padà. Bí ìrìn-àjò bá ti parí, ó ti parí nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Bó bá jẹ́ èkíní ni tiyín, kò sí ohun tó yẹ kó mú yín ra ohun tí kò wù yín. Owó gidi ni, ẹ jẹ́ kó bá yín délé. Èkejì ló nílò ọgbọ́n, òun náà ló sì pọ̀ jù níta. Àwọn mìíràn ní oríṣi méjèèjì pọ̀ nínú àkáǹtì kan ṣoṣo. Ẹ béèrè èwo ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ owó lára rẹ̀. Èyí tí kò ṣeé dá padà ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹ tún wò ó bóyá yàrá ni wọ́n fún tàbí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dọ́là 100 fún yàrá tí ẹni méjì wà nínú rẹ̀ túmọ̀ sí 50 fún ẹnì kan, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ nínú yàrá ló sì sábà máa ń wà. Bí tọkọtaya bá ya káàdì wọn sọ́tọ̀, ìyàwó lè máa ra nǹkan kí ó sì rò pé kírẹ́díìtì ló ń san án, nígbà tó jẹ́ pé àkáǹtì ọkọ rẹ̀ ni kírẹ́díìtì jókòó sí.

Típù tàbí Wi-Fi?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òkun ńlá máa ń ka típù sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́rùn lójoojúmọ́, fún àwọn tó ń tún yàrá ṣe àti àwọn tó ń gbé oúnjẹ. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí èrò ń wọ̀ jù, ó sábà máa ń wà láàárín dọ́là 16 sí 20 fún yàrá lásán. Ẹ jẹ́ ká mú 18. Ẹni méjì fún ọjọ́ méje: dọ́là 252. Kírẹ́díìtì dọ́là 200 ti wọ inú rẹ̀ tán, ó ku 52 tí ẹ máa fi káàdì san.

Ohun tó jẹ́ kí n fi típù ṣáájú ni pé ẹ kì í pàdánù ẹ̀dínwó kankan lórí rẹ̀. Bí ẹ bá san án láti ilé, iye yẹn náà ni. Bí ẹ bá san án lórí omi, iye yẹn náà ni. Dọ́là kan kírẹ́díìtì di dọ́là kan gidi tí kò jáde lápò yín. Ewu kan ṣoṣo ni pé ilé-iṣẹ́ lè fi owó kún típù kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, ẹni tó ti san án sílẹ̀ sì lè bọ́ lọ́wọ́ àfikún náà. Àfikún bẹ́ẹ̀ kì í ju dọ́là kan tàbí méjì lójúmọ́ lọ, kò tó ohun tí ẹ máa tìtorí rẹ̀ jẹ́ kí kírẹ́díìtì jóná.

Wi-Fi kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí Royal Caribbean ti kéde lọ́dún 2022 pé òun máa lo Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí sátẹ́láìtì, tí àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, íntánẹ́ẹ̀tì orí òkun ti dára débi tí èèyàn fi lè bá ará ilé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú fídíò. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ kí ó tó wọkọ̀ sábà máa ń san owó tó kéré sí ti ẹni tó rà á lórí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ kírẹ́díìtì ni kò sì ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi wọkọ̀. Nítorí náà, ẹ fi káàdì ra Wi-Fi láti ilé ní owó pọ́ọ́kú, kí ẹ jẹ́ kí kírẹ́díìtì gbé típù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń jẹ́ kí ẹ ná kírẹ́díìtì lórí ìkànnì wọn kí ọkọ̀ tó gbéra. Bó bá jẹ́ irú wọn ni tiyín, ọ̀rọ̀ yí padà, Wi-Fi àti típù jọ dára bákan náà.

Bí típù bá ti wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì yín, tàbí bí ìwé àdéhùn bá ní kírẹ́díìtì yìí kò gbọ́dọ̀ san típù (irú rẹ̀ wà), ìgbà yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ.

Àrìnkiri èbúté: ti ọkọ̀ tàbí ti ara yín?

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté, ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ìlú, yálà kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ṣètò rẹ̀ tàbí kí ẹ ṣètò rẹ̀ fúnra yín. Ti ọkọ̀ wọ́n ju ti àwọn tó wà létí èbúté lọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìlọ́po méjì, èrò sì máa ń pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì wọn. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà lára rẹ̀ tí kò kéré: bí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á dúró dè yín, tàbí kí ilé-iṣẹ́ ṣètò bí ẹ ó ṣe bá a ní èbúté tó kàn. Ẹni tó dá tirẹ̀ ṣe tó sì pẹ́, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa rí láti etíkun, òun ló sì máa ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

Bí mo ṣe máa pín in nìyí: bí ibi tí ẹ ń lọ bá jìn sí èbúté, tí wákàtí méjì méjì wà ní lílọ àti bíbọ̀, ẹ fi kírẹ́díìtì ra ti ọkọ̀. Bó bá jẹ́ etíkun tàbí ọjà tí ẹsẹ̀ lè dé, ẹ dá tiyín ṣe, kí kírẹ́díìtì lọ síbòmíràn. Ẹ ṣọ́ra fún kírẹ́díìtì tó jẹ́ ti àrìnkiri nìkan. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Norwegian, fún àpẹẹrẹ, ti fi dọ́là 50 fún èbúté kọ̀ọ̀kan sínú ìpolówó rẹ̀, fún ẹni àkọ́kọ́ nínú yàrá. Ìyẹn kò lè ra kọfí.

Spa tàbí ilé oúnjẹ olówó?

Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi hàn yín ní ọjọ́ tí ẹ bá wọkọ̀. Ẹ wo spa, ibi ìwọ́ra àti ìtọ́jú ara, dáadáa. Ká ní ìwé ìpolówó sọ pé ìwọ́ra ìṣẹ́jú 50 jẹ́ dọ́là 150. Wọ́n á fi ìdá 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e fún òṣìṣẹ́. Pẹ̀lú 18, ó ti di dọ́là 177. Nígbà tí wọ́n bá parí, tí ara yín ṣì rọ̀ tí ojú yín sì fẹ́ máa kún fún oorun, ẹni tó wọ́ ara yín á gbé omi tútù wá, á sì mú ìwé kékeré kan tó ti máàkì sí: òróró fún èjìká, ìpara fún ojú, oògùn kan fún ẹsẹ̀ tó wú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba kọmíṣọ̀n lórí ọjà náà, ẹ má bínú sí wọn. "Rárá, ẹ ṣé" ti tó.

Bí spa bá wù yín lóòótọ́, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté ni kí ẹ lọ, torí pé àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀ tán, wọ́n sì sábà máa ń dín owó kù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kì í ṣe ìwọ́ra rárá. Yàrá ooru àti omi gbígbóná ni, níbi tí àga tó ń móoru dojú kọ òkun, tí wọ́n ń ta ìwé àṣẹ rẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ìrìn-àjò. Wọ́n á ta ìwọ̀nba kan, yóò tán. Ẹni tó bá máa lò ó lójoojúmọ́ jèrè ju ẹni tó gba ìwọ́ra kan lọ.

Ilé oúnjẹ olówó rọrùn láti dájọ́. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ti wà lórí ọkọ̀, ohun tí ẹ ń rà ni jíjókòó pẹ́ níbi tí ariwo kò sí, pẹ̀lú ẹran tó nípọn díẹ̀. Alẹ́ kìíní ni àyè máa ń ṣí sílẹ̀ jù, a sì máa ń rí ẹ̀dínwó nígbà náà. Fún ẹni méjì, ó sábà máa ń dín sí owó ìwọ́ra kan. Bí ẹ bá bi mí léèrè, oúnjẹ ni màá yàn.

Ọtí: ètò àsansílẹ̀ tàbí ife kọ̀ọ̀kan?

Kọ́kítéèlì dọ́là 14 lórí ìwé ọtí máa ń di dọ́là 16.52 lórí rísíìtì, torí ìdá 18 yẹn. Ẹ tẹjú mọ́ rísíìtì náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i: owó òṣìṣẹ́ ti wà lókè, ṣùgbọ́n ìlà òfìfo kan wà nísàlẹ̀ tó ní kí ẹ kọ típù àfikún. Ẹ lè fi ìlà sọdá rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa rò pé ahun ni yín.

Ká ní ètò àsansílẹ̀, èyí tí ẹ máa san owó rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ má bàa máa san owó ife kọ̀ọ̀kan, jẹ́ dọ́là 80 lójúmọ́. Pẹ̀lú owó òṣìṣẹ́, ó di 94.40. Kí owó yẹn tó padà, ẹ gbọ́dọ̀ mu kọ́kítéèlì mẹ́fà lójúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ẹ bá fi wákàtí mẹ́jọ wà nílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, bí àgbàlagbà kan nínú yàrá bá rà á, èkejì gbọ́dọ̀ rà á pẹ̀lú, ì báà jẹ́ omi nìkan ló ń mu. Carnival kò sì gbà ju ọtí 15 lọ lójúmọ́. Kírẹ́díìtì dọ́là 100 kò ní bo ètò yìí dé àárín. Ṣùgbọ́n ó tó fún ife kan lálaalẹ́ fún ẹnì kan lọ́jọ́ mẹ́fà, ìyẹn sì ni ìlò tó bá a mu. Ẹni tó mọ̀ pé òun máa mu tó bẹ́ẹ̀ ni kó fi káàdì ra ètò náà láti ilé, níbi tí ẹ̀dínwó ti wà.

Ṣọ́ọ̀bù, àwòrán, tẹ́tẹ́

Ibí yìí ni mo le sí jù. Wọ́n á ní kò sí owó orí lórí ọjà náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé ó pọ́ọ́kú. Ẹ fi fóònù wo iye rẹ̀ níta. Ọtí líle àti lọ́fínńdà lè jẹ́ owó pọ́ọ́kú lóòótọ́, àfi pé ọtí tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù, alẹ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n tó máa ń gbé e fún yín, aṣọ́bodè ilé sì ní iye tí ẹ lè mú wọlé. Ẹ̀wọ̀n wúrà tí wọ́n ń gé ní íǹṣì íǹṣì? Ẹ kọjá lọ. Gbàǹjo àwòrán ọnà náà nìyẹn: ṣaǹpéènì ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀, ẹ mu ún, kí ẹ sì pa ọwọ́ yín mọ́ra.

Fọ́tò ẹbí yàtọ̀. Bí gbogbo ìdílé bá wọ aṣọ àjọ̀dún, tí ìyá àgbà náà sì wà níbẹ̀, fọ́tò kan tí ẹ máa gbé kọ́ ògiri kì í ṣe owó ṣòfò. Ẹ rà á ní fáìlì bí wọ́n bá gbà, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde nílé.

Ilé tẹ́tẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé àwọn ti lè sọ kírẹ́díìtì di owó lọ́wọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ mọ̀. Ọ̀pọ̀ kì í jẹ́ kí kírẹ́díìtì tí kò ṣeé dá padà wọ ibẹ̀, àwọn kan sì ń gba owó ìdá kan lórí ohun tí ẹ bá ti inú àkáǹtì fà lọ sí tẹ́tẹ́.

Nígbà tó bá ṣẹ́kù díẹ̀

Dọ́là 30 tàbí 40 ló sábà máa ń kù. Aṣọ fífọ̀ ni mo fẹ́ràn jù fún un: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń kéde, ní bí ìrìn-àjò bá dé àárín, pé ẹ lè kó aṣọ kún àpò kan ní iye kan, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n ká a. Ẹ délé, kò sí aṣọ ìdọ̀tí. Ẹ tún lè lọ sí káńtà ìsọfúnni kí ẹ ní kí wọ́n fi ìyókù kún típù ẹni tó ń tún yàrá yín ṣe, ní àwọn ọkọ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Owó dókítà orí ọkọ̀ náà, tí kì í ṣe ọ̀fẹ́, inú àkáǹtì kan náà ló ń wọ̀.

Ẹ ṣí àkáǹtì yín lórí áàpù tàbí tẹlifíṣọ̀n yàrá nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn, ìlà tó wà níwájú káńtà máa ń gùn dé ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹni tó fẹ́ jiyàn lórí omi ìgò dọ́là mẹ́rin sì lè wà níwájú yín. Bó bá jẹ́ káàdì débíìtì lẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ má fòyà bí ẹ bá délé tí ẹ rí i pé wọ́n ṣì di owó kan mú. Báńkì yín ló máa tú u sílẹ̀, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan.